Ọ̀kẹ́ Mẹ́wàá Ó Dín Ẹyọ Kan

Bàbá wa àgbà kú ní ọdún tó ṣe é pín, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí fún wọn. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni wọ́n, 84, iye tí gbogbo ayé ń wọlé jáde nínú ẹ̀ bí ilé tí kò ní géètì. Méjì pín in, mẹ́ta pín in, mẹ́rin, mẹ́fà, méje, méjìlá, kò lé ẹnikẹ́ni padà. Ká ní wọ́n bi wọ́n léèrè ni, 83 ni wọn ì bá mú, tàbí kí wọ́n fi sùúrù dúró de 89. Nígbà tí à ń ṣe ìwé ètò ìsìnkú, mo sọ fún màmá mi pé ká kúkú kọ 83 síbẹ̀. Màmá mi wò mí láti ẹsẹ̀ dé orí, wọ́n ní, "Bùkọ́lá, o fẹ́ ká purọ́ mọ́ òkú?" Mo ní kì í ṣe irọ́, ẹ̀bùn ni.

Ẹ má bínú, mo ti ń sáré ju ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé.

Ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ìsọlọ̀, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá wà yẹn, ni Bàbá ti ṣiṣẹ́. Kì í ṣe àwọn ni wọ́n ń ṣe bísíkíìtì o. Àwọn ni wọ́n ń to páálí rẹ̀ sílẹ̀ kí lọ́rì tó wá kó o. Òfin Bàbá ni pé gbogbo ìlà gbọ́dọ̀ gùn bákan náà. Ẹ fún wọn ní páálí méjìlá, wọ́n á tò ó ní ìlà mẹ́ta, mẹ́rin mẹ́rin, á jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ fún wọn ní márùndínlógójì, ìlà márùn-ún, méje méje. Ṣùgbọ́n ẹ fún wọn ní mẹ́tàlá, wàhálà dé. Àfi kí ẹ tò ó ní ìlà kan ṣoṣo gbọọrọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí bí ẹ ṣe máa ṣe é tí nǹkan ò ní ṣẹ́kù. Irú iye bẹ́ẹ̀, tí kò gbà kí iye mìíràn pín òun, ni Bàbá ń pè ní olóríkunkun. Àwọn kan sọ fún wọn pé òyìnbó ní orúkọ tó ń pè é. Bàbá ní òyìnbó wo ló to páálí rí?

Lọ́jọ́ kan, dírẹ́bà kan wá kó igba páálí ó dín kan, 199. Bàbá tò ó ní méje méje, ó ṣẹ́kù mẹ́ta. Wọ́n tú u ká, wọ́n tò ó ní mọ́kànlá mọ́kànlá, ó ṣẹ́kù ọ̀kan. Wọ́n tún tú u ká, mẹ́tàlá mẹ́tàlá, ó ṣẹ́kù mẹ́rin. Dírẹ́bà ti fi orí lé ìdarí ọkọ̀, ó ń hanrun. Bàbá bá wọlé lọ bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n fi páálí kan ṣoṣo kún un. Ọ̀gá bi wọ́n bóyá orí wọn pé. Bàbá ní, "Orí mi pé, sà. Igba ni ò pé."

Nígbà tí wọ́n pé ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ ní kí wọ́n máa lọ sílé. Bàbá ní àwọn ò lè fi ọgbọ̀n fẹ̀yìn tì, gbogbo èèyàn ló ń pín ọgbọ̀n. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi gba ọdún kan kún un. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹ̀rín ẹnu wọn ò ṣe é pa mọ́ lọ́jọ́ náà.

Kí ẹ má rò pé ó mọ sí ibi iṣẹ́. Nílé, ẹran ọbẹ̀ gan-an kò bọ́. Bí a bá jẹ́ mẹ́rin nídìí oúnjẹ tí ẹran sì jẹ́ mẹ́tàlá, Bàbá á pín in ní mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n á wá fa èyí tó ṣẹ́kù sọ́dọ̀. Wọ́n ní àṣẹ́kù olóríkunkun, ti olórí ilé ni. Ó ṣe díẹ̀ kí màmá mi tó fura pé ìgbàkigbà tí Bàbá bá bá wọn gé ẹran, iye ẹran á jẹ́ mọ́kànlá tàbí mẹ́tàlá tàbí mẹ́tàdínlógún. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ wọn. Méjìlá là ń jẹ títí di òní.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Bí pásítọ̀ bá ti pe iye orin, Bàbá ti dìde. Orin 211, wọ́n á mi orí, "olóríkunkun." Lọ́jọ́ tí wọ́n pe orin 221, ọkùnrin kan tó jókòó sítòsí, ẹni tí Bàbá ti kó ọ̀rọ̀ olóríkunkun sí lórí, ló sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Bàbá, olóríkunkun nìyẹn náà." Bàbá ò mọ̀ pé ohùn àwọn ti lọ sókè. Gbogbo ìjọ ló gbọ́ ọ: "Ó ń díbọ́n ni! Mẹ́tàlá àti mẹ́tàdínlógún ló bí i!" Pásítọ̀ dúró, wọ́n rò pé ẹnì kan ni wọ́n ń tú àṣírí ẹ̀.

Èmi ni mo já wọn kulẹ̀ jù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gba F9 nínú ìṣirò. Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn, Bàbá gba ìwé èsì náà lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó títí, mo ti ń wá ibi tí màá sá gbà. Wọ́n ní, "Mẹ́sàn-án. Ká ní méje ni, ì bá tiẹ̀ sàn."

Tíṣà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn wàyí, nítorí pé ẹ ò lè mọ Bàbá tí ẹ ò bá mọ Tíṣà. Ará Oǹdó ni wọ́n, àwa jẹ́ ará Èkìtì. Ògiri kan ló wà láàárín ilé wa àti tiwọn l'Éjìgbò. Ìṣirò ni wọ́n fi ayé wọn kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, wọn kì í sì í rìn láìní ṣọ́ọ̀kì nínú àpò. Àwọn méjèèjì jọ ń jókòó lábẹ́ igi ẹ̀bá ọ̀nà tó kan ògiri náà lọ́sàn-án, wọn ò lè ṣe kí wọ́n má rí ara wọn, wọn ò sì lè rí ara wọn kí wọ́n má jà. Ohun kan ṣoṣo ni ìjà náà: ta ni ẹ̀gbọ́n?

Kò sẹ́ni tó ní ìwé ọjọ́ ìbí nínú wọn, ọdún tí wọ́n fojú bù ni à ń kà fún wọn. Bàbá ní nígbà tí wọ́n ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ìlú wa, àwọn ti ń gbé omi fún bíríkìlà. Tíṣà ní ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí, ọmọ ọdún mẹ́ta náà lè gbé ife omi. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó ń fi "ẹ" kí ẹnìkejì. Bàbá á ní, "Tíṣà, o jí?" Tíṣà á ní, "Bàbá Fúnkẹ́, ṣé o sùn dáadáa?" Àwọn arúgbó méjì, wọ́n ń pe ara wọn ní "o" bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀rín á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa màmá mi tó ń jẹ́ Fúnkẹ́ náà.

Ọ̀sán Sunday kan ni nǹkan bàjẹ́. Bàbá ń fọ́nnu nípa ìdílé kan tí wọ́n ní àwọn ṣàwárí. Wọ́n ní, "Ogún ó dín kan, 19, olóríkunkun ni. Igba ó dín kan, 199, olóríkunkun ni, dírẹ́bà yẹn jẹ́rìí sí i. Ẹgbàá ó dín kan, 1,999, mo fi ọ̀sẹ̀ méjì wò ó, olóríkunkun paraku. Ọ̀kẹ́ kan ó dín kan, 19,999, mi ò tiẹ̀ ní í yọ ara mi lẹ́nu. Ọmọ ìyá ni gbogbo wọn. Ohun tó bá ti pé, tí o bá yọ ẹyọ kan ṣoṣo kúrò lára ẹ̀, orí á kunkun."

Ṣé ẹ rí i, lẹ́nu Yorùbá, ó dún bí òótọ́. Ogún, igba, ẹgbàá, ọ̀kẹ́: àwọn òpó tí àwọn àgbà fi ń ka nǹkan nìyẹn, 20, 200, 2,000, 20,000. Èmi gan-an gbà á gbọ́, bí mo ṣe jẹ́ ọmọ F9.

Tíṣà rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní, "Kò sí ìdílé tí kò ní ọmọ tó máa dójú tì í."

"Nínú tèmi? Kò sí."

"Tó bá jẹ́ olóríkunkun ni ọ̀kẹ́ ó dín kan, èmi ni àbúrò. Láràárọ̀ ni màá máa wá sídìí ògiri wá fi 'ẹ' kí ọ. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìwọ ni."

Bàbá ti na ọwọ́ kí n tó sọ pé kí wọ́n ní sùúrù. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Tíṣà fa ṣọ́ọ̀kì yọ, wọ́n kọ 19,999 sára ògiri, wọ́n ní, "Ṣé o dán méje wò?"

Ẹ̀pà ni mò ń jẹ, mo dẹ́kun jíjẹ. Tíṣà pín in wẹ́rẹ́ níwájú wa: méje lọ́nà 2,857, kò ṣẹ́kù ẹyọ kan. Méje o! Méje tí Bàbá fi to páálí fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Bàbá dìde, wọ́n fi ọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì ara ògiri náà bóyá á parẹ́, wọ́n wọlé. Wọn ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ẹran wà.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá fá irùngbọ̀n, wọ́n wọ bùbá àti ṣòkòtò, wọ́n lọ dúró sídìí ògiri. Wọ́n ṣí fìlà. "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi." Tíṣà fi ohùn ọba dáhùn láti inú ilé wọn: "O jí ire bí, àbúrò?" Omijé bọ́ lójú mi, ẹ̀rín sì tún ń pa mí, mi ò mọ èyí tí màá ṣe. Mo ní, "Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀, eré lásán ni." Wọ́n ní, "Bùkọ́lá, ọwọ́ mi ni mo fi bọ̀ ọ́, kì í ṣe eré ló ni ọwọ́ náà."

Wọn ò fò ó lọ́jọ́ kan. Òjò ń rọ̀, wọ́n á gbé agboorùn lọ kí wọn. Tíṣà wá ń gbádùn ẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sọ fún gbogbo òpópónà pé àbúrò àwọn ni Bàbá Fúnkẹ́. Bí àbúrò Bàbá obìnrin, tí à ń pè ní Ìyá Èkìtì, bá pè láti ilé, Bàbá á sọ fún wọn lórí fóònù pé, "Ẹ̀gbọ́n mi Tíṣà ní kí n kí ọ o." Ìyá Èkìtì ò mọ̀dí ọ̀rọ̀. Wọ́n á ní kí Bàbá bá wọn dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n.

Ohun tí Bàbá ṣe lẹ́yìn náà ni mo fi mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́. Wọ́n jókòó, wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé olóríkunkun ni 19,999. Èèyàn mẹ́tàlélógún. Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo ń tẹ̀ lé wọn nítorí orúnkún wọn. A dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀, a dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń lọ ata, a dé Ìsọlọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ṣì ń to páálí. Ẹni tó kẹ́yìn ni aránbàtà kan ní Bọ́ládé, l'Óṣòdì, tó jẹ́ pé bó ṣe ń lẹ bàtà wọn lọ́jọ́ kan ni Bàbá ti ń kó ọ̀rọ̀ 19,999 sí i létí. Ọkùnrin náà gbójú sókè láàárín ariwo àwọn tó ń kiri ọjà. "Bàbá, mi ò tiẹ̀ rántí pé ẹ sọ nǹkan kan fún mi." Bàbá ní, "Èmi rántí. Irọ́ mi kan ṣì wà l'Óṣòdì níbí, mo wá gbé e lọ."

Lọ́jọ́ tí a dé láti Bọ́ládé, Bàbá lọ sídìí ògiri, wọ́n ní àwọn fẹ́ gba ipò àwọn padà. Wọ́n mú ọmọ ìdílé náà tó tún kàn: ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ó dín ẹyọ kan, 199,999. Tíṣà gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọwọ́ ni kí Bàbá fi ṣe é, wọn ò gbọdọ̀ kan fóònù. Bí iye kankan ò bá pín in láìṣẹ́kù, Bàbá padà di ẹ̀gbọ́n.

Òótọ́ inú wà nínú Tíṣà o, mi ò ní fi tiwọn dù wọ́n. Àwọn fúnra wọn ló kọ́ Bàbá pé kò pọn dandan kí wọ́n fi gbogbo iye pín in. Àwọn olóríkunkun nìkan ti tó, tí wọn ò bá sì ti ju 447 lọ. Iye tó bá jù bẹ́ẹ̀ tó sì lè pín in, èkejì tí wọ́n jọ bí i á kéré sí 447, wọ́n á sì ti bá ìyẹn pàdé lọ́nà. Bàbá kà wọ́n: láti orí 2 dé orí 443, mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n. Wọ́n ra ìwé tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń lò àti báírò pupa.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ti méje má tún ṣẹlẹ̀. Méje gan-an, ìgbà méje ni wọ́n ṣe é. Ó ṣẹ́kù méjì. Wọ́n pariwo bí ẹni tí wọ́n bí ọmọ fún, ìyá tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa sáré wá kí wọn kú oríire. Nígbà tó di 41 tó ṣẹ́kù ẹyọ kan péré, wọ́n ní kí n bu omi fún àwọn. Ní 271 tó tún ṣẹ́kù ẹyọ kan, wọ́n dùbúlẹ̀.

Èmi ti wò ó nínú fóònù láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Mo ti mọ̀. Ó ń jẹ mí lẹ́nu bí nǹkan, ṣùgbọ́n Bàbá ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá sọ fún àwọn kò ní jẹ nínú ẹran àwọn mọ́. Nígbà tí àìsàn dé tí wọ́n wà lórí ibùsùn ní hòsípítù, mo rò ó pé kí ni ẹran tún jẹ́. Mo súnmọ́ wọn, mo ní, "Bàbá, mo fẹ́ sọ nǹkan kan." Wọ́n fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu. Ọwọ́ náà ti fúyẹ́. Wọ́n wò mí dáadáa, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Má wulẹ̀ sọ ọ́. Ojú ẹ ti sọ."

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n lọ. Mo sunkún débi pé ojú mi wú bí búrẹ́dì. Mo fẹ́ràn Bàbá ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ síhìn-ín lọ.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ọkọ̀ tó máa gbé pósí ti dúró síta, àwọn agbókùú ti wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Tíṣà yọ nínú aṣọ dúdú, igi ìtìlẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n fẹ́ wọlé wá tẹ̀ lé òkú ọ̀rẹ́ wọn. Ìyá Èkìtì wà lẹ́nu géètì. Wọ́n béèrè orúkọ, Tíṣà dáhùn. Ìyá Èkìtì la ọwọ́ méjèèjì dí ọ̀nà.

"Ṣé ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n Tíṣà? Ẹ̀gbọ́n bùọ̀dá mi?"

Tíṣà ní, "Ẹ ẹ́ẹ̀n... wọ́n máa ń pè mí bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n kì í tẹ̀ lé òkú àbúrò dé ibojì. Èèwọ̀ ni nílé wa. Ẹ máa lọ sílé, a ó gbé jíjẹ mímu wá bá yín."

Tíṣà ní eré ni, ọ̀rẹ́ ni àwọn. Ìyá Èkìtì yíjú sí àwọn ará àdúgbò: ta ni àgbà nínú àwọn méjèèjì? Gbogbo ẹnu ló jọ dáhùn pé Tíṣà ni. Ó ṣe tán, Tíṣà fúnra wọn ló fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù sọ ọ́ fún wọn. Mo wo ojú Tíṣà. Wọ́n ń na ọrùn wo inú ọgbà. A máa sin ọ̀rẹ́ wọn kan ṣoṣo láìsí wọn níbẹ̀.

Mo sáré wọlé, mo gbé ìwé Bàbá jáde. Mo ṣí i sí ojú ewé tó kẹ́yìn. Báírò pupa: 439, ó ṣẹ́kù 254. Lábẹ́ ẹ̀, ẹyọ kan ló kù, 443, òfìfo ló wà níwájú ẹ̀. Bàbá kàn kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Kí Tíṣà fúnra ẹ̀ ṣe èyí, kó má baà ní mo yí i." Nínú ìwé yẹn, Bàbá ò fi "wọn" kankan kún un.

Tíṣà kà á. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹnu géètì, wọ́n gba báírò. Dírẹ́bà ọkọ̀ òkú tẹ fèrè, mo fi ojú lé e, ó dákẹ́. Tíṣà ń sọ ọ́ síta bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì: "1,999, ó lọ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ku 227. 2,279, ó lọ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó ku 64. 649, ó lọ lẹ́ẹ̀kan..." Omijé kán sórí ìwé. Wọ́n fi apá aṣọ nù ún, wọ́n tún un kà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fò dìde, igi ìtìlẹ̀ ṣubú, wọ́n pariwo débi pé àwọn agbókùú jáde wá wò wọ́n.

"Ó ṣẹ́kù! Igba ó lé mẹ́fà ló ṣẹ́kù! Kò pín! Èmi ni àbúrò! Ẹ jẹ́ n wọlé o, èmi ni àbúrò!"

Ìyá Èkìtì ò mọ ohun tó ń ṣẹ́kù, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọkùnrin tó ń ṣọ̀fọ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò lójú ọ̀nà. Wọ́n ní, "Ẹ yàgò fún àbúrò olóògbé."

Tíṣà rìn dé iwájú pósí. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n fi orúnkún kan kanlẹ̀, wọ́n fi èkejì kanlẹ̀, arúgbó tó lé lọ́gọ́rin ọdún, wọ́n na gbogbo ara tì í lórí sìmẹ́ǹtì. Aago kan ọ̀sán ti kọjá, oòrùn wà ní àtàrí. Wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi." Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ọ̀sán ti pọ́n.